Ta ni ẹnìkan ṣoṣo tó máa ń wà nínú àwòrán òkè àti odò yẹn? Ẹ bá mi dá sí i

Àdùkẹ́_Bristol:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí. Bristol ni mo wà, mò ń lọ kíláàsì àwòrán yíyà lálẹ́ tí mo bá ti ibiṣẹ́ dé, tíṣà wa wá kó wa lọ sí Tintern lọ́jọ́ Sátidé, ilé ìsìn àwọn mọ́ńkì àtijọ́ tó ti di àlàpà létí odò Wye, lápá Wales. Iṣẹ́ tó fún wa ni pé ká ya ibẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù àti yíǹkì, kí èèyàn kan péré wà nínú ẹ̀, ká wá kọ ojú ìwé kan lórí ohun tí ẹni yẹn ń sọ nípa àwùjọ tó ti wá.

Ó fún wa láwọn àwòrán àtijọ́ pé ká fi ṣe àwòkọ́ṣe, àwọn tí wọ́n ń pè ní picturesque, ìyẹn àwòrán òkè, odò àti àlàpà tó rẹwà lójú, láti nǹkan bí 1770 títí dé 1830. Mo wò ó títí. Ọkùnrin kan náà ló ń jáde sí mi ṣáá: ó jókòó sórí òkúta àbí ó fara ti ọ̀pá, màlúù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ojú ẹ̀ ò hàn, kò ṣe nǹkan kan, kò bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní kíláàsì ní kí n má da ara mi láàmú, pé wọ́n kàn fi síbẹ̀ kí igi lè rí bí igi ńlá ni. Ọkàn mi ò gbà á. Ta ni ọkùnrin yìí, ta ló sì ní kó wá jókòó síbẹ̀?

Ọmọ_Olùkọ́:
Àdùkẹ́, ìbéèrè gidi lo bi yìí o. Ìtàn iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára èyí tí mo fẹ́ràn jù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun táwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ sọ, torí ojú wa máa ń fi èèyàn wọn nǹkan, tó o bá rí èèyàn tíntìn lábẹ́ ògiri wàá ti mọ̀ pé ògiri yẹn ga. Àmọ́ tó bá jẹ́ torí ìyẹn nìkan ni, ẹnikẹ́ni ló lè dúró síbẹ̀, kí ló dé tí kì í ṣe alágbẹ̀dẹ, tí kì í ṣe ẹni tó ń gé àlìkámà, tó jẹ́ pé ẹni tó fara ti ọ̀pá yìí náà ni ṣáá?

Ẹni tó fi òfin irú àwòrán yìí lélẹ̀ ni William Gilpin, àlùfáà Áńgílíkà kan tí wọ́n bí ní 1724, tó ti ṣe hẹdimásítà ní Cheam kó tó lọ di àlùfáà ìjọ Boldre nínú New Forest. Odò Wye tí ẹ lọ yìí gan-an ló wọkọ̀ ojú omi gbà ní 1770, ó gbé ìwé jáde nípa ẹ̀ ní 1782, àwọn tó lówó lọ́wọ́ sì ń rọ́ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú bébà àti pẹ́ńsù. Ní 1786 ó tún kọ òmíràn lórí àwọn òkè àti adágún Cumberland àti Westmorland. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ láìfi bò: tó bá jẹ́ ti ìwà ni, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kára dáa lójú ju àgbẹ̀ tó ń rìn gbéregbère lọ, ṣùgbọ́n tó bá ti di ti àwòrán, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn, ká gbé iṣẹ́ kúrò níbẹ̀, torí ìmẹ́lẹ́ pàápàá máa ń bu iyì kún ẹni inú àwòrán. Darandaran tó fara ti ọ̀pá, àgbẹ̀ tó nà gbalaja sórí àpáta, òun fúnra ẹ̀ ló dárúkọ wọn pé wọ́n yẹ ibi tó ní ọlá jù. Ọkùnrin tó ò ń rí ṣáá yẹn, ìwé ló ránṣẹ́ pè é.

Wá gbọ́ èyí tó kù. Àsìkò yẹn náà ni wọ́n ń fi òfin gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí kò ní. Ilẹ̀ tí gbogbo abúlé jọ ń lò, tí tálákà ti ń da màlúù kan ṣoṣo tó ní, tó ti ń ṣẹ́gi tó fi ń dáná, ilé aṣòfin wọn á ṣòfin lé e lórí, wọ́n á ṣe ọgbà yí i ká, ó di ti ẹnìkan. Láti 1604 dé 1914 irú òfin bẹ́ẹ̀ lé ní 5,200, ilẹ̀ tó kàn tó éékà mílíọ̀nù 6.8, ìgbà tó sì gbóná jù ni ìgbà tí àwòrán wọ̀nyí ń jáde. Darandaran tó ń sinmi lórí ilẹ̀ gbalasa nínú àwòrán, lójú ayé ilẹ̀ yẹn ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo ayàwòrán ló jókòó tó ń gbèrò irọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìsinmi ni wọ́n yà síbi tí ìdààmú wà, ẹni tó rà á sì lè gbé e kọ́ ògiri pálọ̀ láìrántí ọgbà tí òun fúnra ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe.

BàbáFrámù:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Olùkọ́ ń sọ ìtàn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, èmi fẹ́ bá ọmọ yìí sọ ti ọwọ́. Iṣẹ́ àwòrán àti férémù ni mò ń ṣe l'Ábẹ́òkúta, ó ti pẹ́. Ohun tí mo ń rí jù lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni pé wọ́n á ya òkè, wọ́n á ya igi, wọ́n á ya gbogbo ẹ̀ tán kí wọ́n tó máa wá ibi tí wọ́n máa ki èèyàn bọ̀, ẹni yẹn á wá máa léfòó lójú afẹ́fẹ́. Kọ́kọ́ fa ìlà ibi tí ojú ẹ wà lórí bébà. Tó bá jẹ́ pé òòró lo wà tí ilẹ̀ sì tẹ́jú, orí gbogbo àgbàlagbà tó bá dúró lórí ilẹ̀ yẹn máa kan ìlà yẹn, ì báà wà nítòsí ì báà wà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹsẹ̀ wọn ló máa ń sún sókè bí wọ́n ṣe ń jìnnà sí ẹ. Tó bá jẹ́ ńṣe lo jókòó sórí àpótí, ìlà yẹn á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí àyà wọn. Mọ èyí dáadáa, kò sí ẹni tó máa léfòó mọ́.

Ìwọ̀n tó o bá wá fún un, ọ̀rọ̀ lò ń sọ yẹn. Bó bá kéré gan-an, òkè ló ni àwòrán. Bó bá gba ìdámẹ́rin bébà, òun ló ni ín, òkè ti di ẹ̀yìn ẹ̀ nìyẹn. Ohun tó mú dání ló máa sọ ẹni tó jẹ́ níwọ̀n ìgbà tí ojú ẹ̀ ò bá hàn, torí náà má ya ọwọ́ òfìfo tí kò bá nídìí. Kó o sì mọ ibi tí ìwúwo ara ẹ̀ wà, ẹsẹ̀ ọ̀tún àbí tòsì. Ẹni tó ru ìdì igi, ìbàdí ló ti ń tẹ̀, ìṣísẹ̀ ẹ̀ máa ń kúrú, orúnkún ẹ̀ kì í nà tán. Ẹni tó kàn ń najú, ejìká ẹ̀ á lọ sílẹ̀, ẹsẹ̀ kan á sinmi. Ìlà mẹ́rin márùn-ún ló máa sọ gbogbo èyí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Káyọ̀dé_Leeds:
Ẹ ṣeun bàbá. Kí n fi tèmi kún un. Àdùkẹ́ tó o bá dé London, yà sí National Gallery, wọn kì í gbowó ẹnu ọ̀nà, kó o lọ wá àwòrán Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin Andrews tí Thomas Gainsborough yà ní nǹkan bí 1750. Tọkọtaya ọlọ́lá ni, wọ́n wà lábẹ́ igi ńlá kan, ọkọ fi ìbọn há abẹ́ apá, ajá ń wo ojú ẹ̀, ìyàwó wọ aṣọ búlúù ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Gbogbo èèyàn ló ń wo àwọn méjèèjì. Ìwọ wo apá ọ̀tún. Oko àlìkámà ni, wọ́n ti gé e, wọ́n ti dì í ní ìtí-ìtí, àgékù pòròpórò ẹ̀ tò ní ìlà tó tọ́ lọ títí. Kò sẹ́nì kan lórí oko yẹn. Ẹni tó gé e dà? Ẹni tó dì í dà? Ìtí yẹn ò kúkú dira ẹ̀. Èmi rò pé àwòrán tó yọ òṣìṣẹ́ kúrò pátápátá àti àwòrán tó fi ẹnìkan sílẹ̀ kó máa sinmi, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Kó o tún kíyè sí ọdún. Lẹ́yìn tí ogun Napoleon parí ní 1815, àwọn sójà tí wọ́n tú sílẹ̀ kún ojú ọ̀nà láìníṣẹ́. Ní 1824 ìjọba England ṣòfin pé ẹni tó bá sùn síta àbí tó ń tọrọ bárà, wọ́n lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n, kó máa ṣiṣẹ́ àṣekára níbẹ̀. Ọkùnrin alákìísà tó dá rìn pẹ̀lú ọ̀pá àti àpò, nínú férémù wọ́n ń fi owó rà á, lójú títì ọlọ́pàá ń wá a. Ọdún méjì lẹ́yìn òfin yìí, 1826, ni John Constable, tí bàbá ẹ̀ jẹ́ olówó oníilé-ọlọ ní East Bergholt, ya ọ̀nà oko kan tí ọmọkùnrin kékeré dojú bolẹ̀ tó ń mu omi etí ọ̀nà, wẹ́síkóòtì pupa lára ẹ̀, àgùntàn ń lọ níwájú, gbogbo ẹ̀ tutù minimini. Ní 1830 làwọn òṣìṣẹ́ oko dìde ní Kent, wọ́n ń fọ́ ẹ̀rọ ìpakà, ó ràn ká gbogbo gúúsù ilẹ̀ náà, wọ́n so èèyàn 19 kọ́, wọ́n kó èyí tó lé ní 400 lọ sí Australia. Mo fẹ́ràn ọwọ́ Constable gan-an o, ẹnikẹ́ni ò lè ya ìkùukùu jù ú lọ lójú tèmi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó o mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀nà oko yẹn.

Àlàbí_Òkè:
Ẹ má bínú ẹ̀yin àgbà, mo fẹ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ṣé dandan ni kí gbogbo ẹni tó dá wà nínú àwòrán jẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìyà? Èmi máa ń gun òkè dáadáa, ìdáwà lórí òkè máa ń tún ọkàn mi ṣe. Caspar David Friedrich ará Jámánì, ẹni tí wọ́n bí ní Greifswald ní 1774, ṣebí òun náà yà á. Ọkùnrin orí àpáta tó kọ ẹ̀yìn sí wa, tí kurukuru bo gbogbo àfonífojì níwájú ẹ̀, ti nǹkan bí 1817, ó wà ní Hamburg. Àti mọ́ńkì tó dá dúró létí òkun, èyí tí wọ́n fi hàn ní Berlin ní 1810 tí ọba Prussia rà. Èmi ò rí tálákà kankan níbẹ̀, èmi rí ẹni tó ń ronú sí Ọlọ́run àti ayé. Kí Àdùkẹ́ ya èèyàn tó ń gbádùn ibẹ̀, kí ló burú?

Ọmọ_Olùkọ́:
Àlàbí, kò burú rárá, mo sì dúpẹ́ pé o mú Friedrich wá, torí ó máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wa sí i. Fi ọkùnrin Hamburg yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ darandaran Gilpin. Ẹ̀yìn ti Friedrich la dúró sí, à ń bá a wo ohun tó ń wò, òun ló ni ìran náà. Darandaran ní tiẹ̀, òun gan-an la wá wò, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló rí láti ibi tó wà. Wo aṣọ ọkùnrin Hamburg yẹn náà: kóòtù, bàtà tó dáa, ọ̀pá ìrìn àjò. Ẹni yẹn máa sọ̀ kalẹ̀, ó máa wọ ilé èrò, ó máa jẹun. Ó yàn láti dá wà ni. Ti Friedrich pàápàá ò sì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìlú, nínú àwọn àwòrán ẹ̀ míì ó wọ aṣọ Jámánì àtijọ́ fáwọn èèyàn ẹ̀, aṣọ yẹn ni àwọn tó ń fẹ́ Jámánì kan ṣoṣo tó lómìnira fi ń dá ara wọn mọ̀, àwọn ìjọba ibẹ̀ sì gbógun ti àwọn tó ń wọ̀ ọ́ láti 1819.

Torí náà Àdùkẹ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó o máa bi èèyàn inú àwòrán ẹ nìyí: ṣé ó yàn láti dá wà ni, àbí wọ́n yọ àwọn èèyàn ẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?

Táyélolú_K:
Ẹ fi kún un pé àwọn arìnrìn-àjò ìgbà yẹn ní jígí kan tí wọ́n ń mú dání, jígí dúdú tó wú díẹ̀ láàárín, wọ́n fi orúkọ Claude Lorrain pè é, ayàwòrán ọ̀rúndún 17 tí wọ́n fẹ́ràn. Tí wọ́n bá dé ibi tó rẹwà, wọ́n á kẹ̀yìn sí i, wọ́n á gbé jígí sókè, inú jígí ni wọ́n ti ń wo òkè àti odò. Wọ́n kẹ̀yìn sí darandaran yẹn gangan nígbà tí wọ́n ń yà á.

Àdùkẹ́_Bristol:
Ẹ ò mọ bí mo ṣe ń gbádùn ọ̀rọ̀ yín, mo ti kọ ọ́ kún ìwé. Ẹ̀gbọ́n Àlàbí ẹ ṣeun, ìbéèrè yín ló jẹ́ ká rí ìyàtọ̀ yẹn. Ẹ̀yin Olùkọ́, ẹnìkan sọ fún wa nígbà tá a wà níbẹ̀ pé àwọn èèyàn gbé inú àlàpà Tintern rí. Ṣé òótọ́ ni? Torí bí ibẹ̀ ṣe rí báyìí, koríko gígé, ògiri mímọ́ tónítóní, mi ò lè fojú inú rí i.

Ọmọ_Olùkọ́:
Òótọ́ pọ́ńbélé ni, Gilpin náà ló kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n dá ilé ìsìn yẹn sílẹ̀ ní 1131, ọba Henry kẹjọ ló ní kí wọ́n tì í pa ní 1536, òrùlé lọ, ogiri kù. Nígbà tí Gilpin máa débẹ̀ ní 1770 àwọn tálákà ti kọ́ ahéré wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ sáàárín àlàpà, ó ní bárà ni gbogbo wọn ń tọrọ. Ilé iṣẹ́ irin ńlá sì wà ní nǹkan bí ìdajì máìlì síbẹ̀ tó ń pariwo.

Ìyá àgbà kan ló wá bá wọn, ó ní òun máa fi yàrá tí àwọn mọ́ńkì ń kó ìwé sí hàn wọ́n. Ìyá yìí ò lè rìn, ọ̀pá méjì ló fi ń wọ́ra ẹ̀ nílẹ̀, ara ẹ̀ ti gbẹ ó ti sún kì. Ó mú wọn gba ẹnu ọ̀nà kan tí èsìsì àti ẹ̀gún ti bò, ó nawọ́ sí àlàpà, ó ní ibẹ̀ ni. Yàrá ìwé kọ́, ilé ara ẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n rí. Àlàfo ni láàárín ògiri méjì, omi ń sun lára ògiri ó sì ti fi oríṣiríṣi àwọ̀ sí i, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ibẹ̀ rọ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ń rì. Kò sí ìkòkò, kò sí àga, kò sí ohunkóhun àfi bẹ́ẹ̀dì kan tí àkísà díẹ̀ wà lórí ẹ̀. Wọ́n ti wọ́ bẹ́ẹ̀dì náà wá sí àárín gbùngbùn yàrá kí omi ara ògiri má bàa kàn án. Mo ti ka ibẹ̀ yẹn tì. Ẹni tí kò lè rìn, òun ló wọ́ bẹ́ẹ̀dì, àbí ta ló bá a wọ́ ọ?

Gilpin káàánú ẹ̀, ó sọ pé ẹnu ya òun pé ó ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, nígbà tó ń sọ̀rọ̀ àwòrán, ohun tó ń dùn ún ni pé orí ògiri Tintern tọ́ jù, pé ká ní wọ́n lè fi òòlù fọ́ díẹ̀ níbẹ̀ kó lè rẹwà sí i. Ìyá yẹn wà nínú ọ̀rọ̀, kò ráyè wọ òfin àwòrán. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ ṣe iṣẹ́ tí tíṣà ẹ fún ẹ yìí, mi ò ní wá ẹlòmíì lọ.

Ẹ̀bùn_Agbẹ́gilére:
Ọ̀rọ̀ ìyá yìí wọ̀ mí lára. Àdùkẹ́ mo fẹ́ fi ọ̀gá kan hàn ẹ́ tó o lè kọ́ iṣẹ́ lára ẹ̀, Thomas Bewick, ará Northumberland, 1753 sí 1828, ó ń fín àwòrán sórí igi ní Newcastle. Ìwé ńlá tó ṣe lórí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ Britain jáde lápá méjì, 1797 àti 1804, ní ìparí àwọn orí ìwé yẹn ó máa ń fi àwòrán kékeré kan síbẹ̀ tó lè wọ àtẹ́lẹwọ́. Èèyàn kan, ibì kan, nǹkan kan tó ń ṣẹlẹ̀. Sójà àtijọ́ ẹlẹ́sẹ̀ igi. Ẹni tí òjò ń pa lójú ọ̀nà. Ọkùnrin kan di ìrù màlúù mú nínú odò, kò fẹ́ san owó afárá, fìlà ẹ̀ wá bá omi lọ. Gbogbo wọn ló dá wà, kò sí èyí tó jókòó lásán kó lè ṣe òkè lẹ́wà. Ó ní ibi tó ń lọ, ó ní ohun tó ń wá, ó ní gbèsè tó ń sá fún. Bewick dàgbà létí ilẹ̀ gbogbo-gbò ni, ìgbà tí wọ́n pín ilẹ̀ yẹn láàárín àwọn olówó ó dùn ún wọra, ó kọ ọ́ sínú ìtàn ayé ẹ̀ pé ogún àwọn tálákà ni wọ́n pín yẹn. Ẹni tó mọ orúkọ àwọn èèyàn tó ń yà ni. Ilé tí wọ́n bí i sí, Cherryburn, ṣì wà.

Ọgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ tó o lè mú: kò fi ìlà yí àwòrán kékeré wọ̀nyẹn ká. Etí wọn kàn ń parẹ́ sínú bébà ni. Ọ̀nà tí ẹni yẹn ń tọ̀ ń bá a lọ jáde, o mọ̀ pé ó ti ibì kan bọ̀.

Ọmọ_Ilé_Bahia:
Ẹ kú àsìkò yìí o, láti Salvador. Ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Irú ojú yẹn ni wọ́n gbé sọdá òkun. James Hakewill, ayàwòrán-ilé ará England, lọ sí Jàmáíkà ní 1820 àti 1821, ó sì gbé ìwé picturesque tiẹ̀ jáde ní 1825, ìgbà tí oko ẹrú ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Òkè, igi ọ̀pẹ, ilé ọlọ́gbà, ìrèké lọ́ọ̀ọ́kán, èèyàn dúdú kékeré kan tàbí méjì lójú ọ̀nà tí wọ́n dúró bí ẹni tí kò ní wàhálà. Ó ṣòro kó o tó rí ẹni tó ń gé ìrèké. Ní Brazil níbí, ayàwòrán Rugendas ará Jámánì dé ní 1822, ìwé tiẹ̀ jáde ní Paris láti 1827 sí 1835. January 1835 yẹn làwọn Nàgó, èèyàn wa, àwọn Mùsùlùmí àárín wọn ló síwájú, dìde ní Salvador yìí láti gba òmìnira ara wọn. Jean-Baptiste Debret, tó gbé Rio láti 1816 dé 1831, yà yàtọ̀ díẹ̀, ó mú àwọn tó ń ru ẹrù àti àwọn tó ń kiri ọjà wá síwájú bébà, o lè rí iṣan ọrùn wọn. Ẹ fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síra, ẹ máa rí i pé ibi tí wọ́n gbé èèyàn dúró sí, iwájú àbí ẹ̀yìn, ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ṣe jẹ ẹni tó yà á lógún tó.

Mọ́remí_Lẹ́kí:
Kí n má parọ́, àwòrán tí wọ́n ń tà fún àwọn àlejò l'Ékòó ni mo rántí bí mo ṣe ń ka gbogbo èyí. Obìnrin kan, ìkòkò lórí, ẹ̀yìn ló kọ sí wa, oòrùn pupa, ahéré, igi àgbọn. Wọ́n pọ̀ lọ rẹrẹ. Ẹ sọ fún mi, ìgbà wo lẹ rí obìnrin abúlé tó dá pọnmi láìsí ọmọ, láìsí ẹlẹgbẹ́, láìsí ẹni tó ń kí i lọ́nà? Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Odò ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn jù ní abúlé. Ẹni tó yọ gbogbo ariwo yẹn kúrò, tó fi obìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ tí kò ní orúkọ, ohun tí yóò bá pálọ̀ ẹlòmíì mu ló ń yà. Inú mi ò dùn sí i, mo sì ń sọ ọ́ tọkàntọkàn torí àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ iṣẹ́ dáadáa ló ń yà á nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń tà. Mi ò dá wọn lẹ́bi lórí oúnjẹ. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa bi ara wọn pé ta ni obìnrin yìí, ọmọ ta ni.

BàbáFrámù:
Mọ́remí ọmọ mi, o wí ire. Èmi náà ti fi férémù sí irú ẹ̀ tó pọ̀. Èyí tó bá wá bá mi báyìí, mo máa ń sọ fún ọmọ tó yà á pé kó fi àtàǹpàkò bo obìnrin yẹn. Tí àwòrán náà bá ṣì pé láìsí i, ọ̀ṣọ́ ló fi ṣe. Tó bá jẹ́ pé ohun gbogbo ló dẹnu kọlẹ̀ nígbà tó bò ó, a jẹ́ pé èèyàn ló yà.

Àdùkẹ́_Bristol:
Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ìyá tó ń fi ọ̀pá méjì wọ́ra ẹ̀ yẹn ni mo máa yà, màá fi sí ẹnu ọ̀nà tí èsìsì bò, màá jẹ́ kó kọjú sí wa, kí ọwọ́ ẹ̀ kan kúrò lórí ọ̀pá kó máa nawọ́ sí inú lọ́hùn-ún. Ògiri gíga á wà lókè o, ṣùgbọ́n mi ò ní jẹ́ kó gbé e mì, bàbá ní ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀, torí náà màá fún un ní nǹkan bí ìdámẹ́rin bébà. Màá wá jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì yẹn hàn díẹ̀ nínú òkùnkùn. Ojú ìwé tí mo máa kọ, ìbéèrè Olùkọ́ ni màá fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, bóyá ó yàn láti dá wà àbí wọ́n yọ àwọn èèyàn ẹ̀ kúrò.

Ibi tó kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́ ni yíǹkì. Inú àlàfo yẹn máa dúdú, ìyá wà níwájú ẹ̀. Ṣé kí n fi omi yíǹkì kun gbogbo ẹ̀ kí n tó wá ya ìyá lé e lórí ni, àbí báwo?

BàbáFrámù:
Rárá o, má kun ún lápapọ̀, o ò ní rí funfun yẹn gbà padà. Fi pẹ́ńsù rírọ̀ ya ìyá náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ pẹ̀lú ọ̀pá méjèèjì, kó o wá fi omi yíǹkì kun àlàfo yẹn yí i ká, kí bọ́rọ́ọ̀ṣì máa tọ etí ara ẹ̀. Ìpele àkọ́kọ́ kó ṣàn, jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó o tó kun èkejì, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa dúdú tó. Bẹ́ẹ̀dì yẹn, ìpele àkọ́kọ́ nìkan ni kó o jẹ́ kó kàn án, kó o fo ó nígbà tó o bá ń kun ìyókù, á hàn bàìbàì bó o ṣe fẹ́ ẹ. Bébà tó nípọn ni kó o rà, tí omi ò ní jẹ́ kó wú. Aṣọ ara ìyá, ìlà pẹ́ẹ̀nì gbígbẹ ni kó o fi ṣe é, má fi omi kàn án rárá. Ọwọ́ tó nà yẹn ni kó o yà kẹ́yìn, kó o kọ́kọ́ máa yà á sórí bébà míì títí tó fi máa mọ́ ẹ lọ́wọ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ wò. Tó o bá parí ẹ̀, gbé fọ́tò ẹ̀ wá síbí ká jọ wò ó.